"Ìṣìwàhù inú ọgbà" ni, ẹ yéé pè é ní ọmọ jẹjẹrẹ

Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá kan tó ń lẹ táyà nítòsí Ọjà Ọba l'Ákúrẹ́ gbé pépà rìsọ́ọ̀tì báyọ́psì wá bá mi, ìyẹn àyẹ̀wò ẹran díẹ̀ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ bù lára pròsítéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, wọ́n ní "Àbúrò, high-grade PIN ni wọ́n kọ síbẹ̀, ṣé bíi PIN ti ATM ni?" Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú wọn ti pọ́n, ẹnì kan ti túmọ̀ ẹ̀ fún wọn pé "ọmọ jẹjẹrẹ" ni.

PIN yìí, sẹ́ẹ̀lì inú pròsítéètì tí ìrísí wọn ti yí padà ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ; high-grade ni èyí tó yí padà gan-an. Pípè tí wọ́n ń pè é ní ọmọ jẹjẹrẹ ló ń bí mi nínú. Ọmọ, kó dàgbà la ń retí. Àwọn tó ń kọ "ṣáájú-jẹjẹrẹ" náà ò sàn jù wọ́n lọ, bí nǹkan bá ṣáájú, èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èyí ò ní di nǹkankan títí ayé. Èmi "ìṣìwàhù inú ọgbà" ni mò ń pè é. Tíṣà Yorùbá kan l'Óǹdó bá mi fa á, ó ní ọmọdé ló ń ṣìwàhù, kí n lo "àìṣedéédéé". Àìṣedéédéé kẹ̀? Ìtọ̀ tó ń kán tótó náà ńkọ́, ṣebí àìṣedéédéé ni! Ọmọdé tó sì wí yẹn gan-an ni mò ń wá, ṣé gbogbo ọmọ tó ń ṣìwàhù ló ń di olè ni?

Ẹ wo ewúrẹ́ tí wọ́n sé mọ́ ọgbà, wọ́n ń kanra wọn, wọ́n ń da omi nù, wọ́n ń gun orí ara wọn, àmọ́ ọgbà ṣì dúró, ì báà ti já níbì kan. Bí sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ pròsítéètì ṣe ń ṣe nìyẹn, ìrísí wọn ti burú lábẹ́ maikirosíkóòpù, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó ṣọgbà yí wọn ká ṣì wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá fo ọgbà wọnú ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ló di jẹjẹrẹ.

Dókítà méjì, Bostwick àti Brawer, ló sọ ọ́ ní PIN lọ́dún 1987. Low-grade, èyí tí ìyípadà ẹ̀ kéré, wọn kì í tiẹ̀ kọ ọ́ sí pépà mọ́, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. High-grade yìí fúnra ẹ̀ kì í gbé PSA, èròjà pròsítéètì tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, sókè, kì í dí ìtọ̀, kò sóògùn tí wọ́n ń lò fún un, báyọ́psì nìkan ló ń tú u fó. Tó bá wà níbi púpọ̀ nínú ẹran tí wọ́n bù, ìgbà yẹn ni dókítà máa ń fura pé jẹjẹrẹ lè ti wà nítòsí tí abẹ́rẹ́ ò kàn án, wọ́n lè ní kí wọ́n tún un bù. Tó bá jẹ́ ojú kan, tí PSA ò sì gbéra, wọn kì í sábà tún un bù láàárín ọdún kan.

Ti bàbá, ojú kan ni nínú ègé ẹran 12 tí wọ́n bù. Mo ní kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà wọn, kí wọ́n máa yẹ PSA wò lásìkò. Wọ́n ká pépà náà sí mẹ́rin, wọ́n tì í bọ àpò, wọ́n ní "Kò sáà sí nọ́ńbà kankan tí mo máa tẹ̀?"