Bí SQL ṣe ń fi iye tí a ṣírò to tábìlì tí a so pọ̀

SQL ni èdè tí a fi ń béèrè ìsọfúnni lọ́wọ́ àkójọ tábìlì. Ká ní tábìlì kan ń jẹ́ onibara, èkejì ń jẹ́ rira. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rira ń sọ ẹni tó rajà, iye tó rà àti owó ẹyọ kan. Ta ló náwó jù? Kò sí òpó tó gbé ìdáhùn yẹn dání. Àfi ká ṣírò rẹ̀:

SELECT o.oruko, SUM(r.iye * r.owo) AS apapo
FROM onibara o
LEFT JOIN rira r ON r.onibara_id = o.id
GROUP BY o.id, o.oruko
ORDER BY apapo DESC;

SELECT ló ṣáájú lójú, àmọ́ FROM àti JOIN ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń so ìlà mọ́ ìlà. GROUP BY á wá kó ìlà oníbàárà kọ̀ọ̀kan jọ, SELECT á fún àpapọ̀ rẹ̀ ní ìnagijẹ (apapo), ORDER BY á sì tò ó. Ìdí nìyẹn tí ORDER BY fi mọ apapo, tí WHERE, tó ń ṣa ìlà kí a tó kó wọn jọ, kò sì mọ̀ ọ́n: nígbà tí WHERE ń ṣiṣẹ́, a kò tíì sọ iye náà lórúkọ.

Ibi tó yẹ ká ti fara balẹ̀ ni ọ̀rọ̀ NULL, àmì pé kò sí iye kankan níbẹ̀. LEFT JOIN kì í yọ oníbàárà tí kò ra nǹkan kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n SUM tirẹ̀ kì í ṣe 0, NULL ni. Nínú àwọn ètò tó ń lo SQL, PostgreSQL ka NULL sí ohun tó ju gbogbo nọ́ńbà lọ, nítorí náà DESC (títò láti orí ńlá sí kékeré) á gbé ẹni tí kò ná kọ́bọ̀ sókè téńté. MySQL àti SQLite á fi í sí ìsàlẹ̀. COALESCE(SUM(r.iye * r.owo), 0), tó ń fi 0 rọ́pò NULL, ló ń parí ìyàtọ̀ yìí.

Èyí tó tún léwu jù ú lọ ni kéèyàn so tábìlì kẹta mọ́ ọn, bíi isanwo. Oníbàárà tó rajà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó sanwó lẹ́ẹ̀mejì, á di ìlà mẹ́fà: a ó ka ìrajà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ìsanwó kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. SQL kò ní ké, á to irọ́ náà létòlétò. SUM(DISTINCT), tó ń ka iye tó bá jọra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tún un ṣe, torí ìrajà méjì lè jẹ́ iye kan náà. Kí a ṣírò àpapọ̀ tábìlì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ nínú ìbéèrè abẹ́nú tirẹ̀, ká tó so wọ́n pọ̀.

Bí àpapọ̀ ẹni méjì bá dọ́gba, ta ló ń ṣáájú kò dájú, àfi ká fi o.id kún ORDER BY. LIMIT 10, tó ń mú ìlà mẹ́wàá àkọ́kọ́ nìkan jáde, kò sì dín ìṣirò náà kù: gbogbo oníbàárà ni a gbọ́dọ̀ ṣírò tiwọn tán kí a tó mọ mẹ́wàá àkọ́kọ́.