H-index: nọ́ńbà kékeré tó ń da àwọn oníṣẹ́ ìwádìí láàmú

Àbúrò mi kan tó ń ṣe PhD lórí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ló fi screenshot ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ Sọ́ńdè tó kọjá, ojú ewé ọ̀gá ẹ̀ lórí Google Scholar ni (ibi tí Google ń to pépà àwọn oníṣẹ́ ìwádìí jọ sí), orúkọ ọ̀gá wà lókè, nọ́ńbà mélòó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, h-index 34 yìí, ṣé ó pọ̀ ni àbí kò pọ̀?" Láìbùrárì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n bá bi mí ní ibi tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà tán, ìbéèrè tó kàn nìyẹn. Ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ síbì kan, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá tún bi mí, màá kàn fi ránṣẹ́ sí i ni.

Orí ìtọ́kasí la ti máa bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní citation. Kò sí onílù, kò sí oníjàálá tó máa bọ́ sójú agbo tó máa kàn bẹ̀rẹ̀ láìjúbà. Ìbà àgbà, ìbà ọ̀gá tó kọ́ mi, ìbà àwọn tó ti ṣe é kí n tó dé. Pépà sáyẹ́ǹsì náà nìyẹn. Tí dókítà kan bá fẹ́ kọ ọ́ pé ibà ń pa ọmọdé (ibà ẹ̀fọn o, kì í ṣe ìbà ti àgbà), kò lè sọ ọ́ lórí òfìfo, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ti ka àwọn ọmọ náà, ọdún tó kà wọ́n, àti jọ́nà tó gbé e jáde. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti júbà pépà tìẹ báyìí, kọ̀ǹpútà á fi ení kún un fún ẹ. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eugene Garfield ní Philadelphia ló gbé ìwé tó ń to gbogbo ìjúbà yìí jọ jáde ní 1964, Science Citation Index lorúkọ ẹ̀. Kí èèyàn lè tọpa iṣẹ́ kan, kó mọ ẹni tó ti lò ó lẹ́yìn ìgbà náà, ìdí tó fi ṣe é nìyẹn. Àfi bí wọ́n ṣe wá ń fi í wọn èèyàn bí ẹni ń wọn gàrí lọ́jà.

H-index fúnra ẹ̀ ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Jorge Hirsch ló dá a sílẹ̀ ní 2005, ọmọ Argentina tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Yunifásítì California ní San Diego. Ó rí i pé kíka pépà nìkan ò tó, torí èèyàn lè kọ 200 tí ẹnikẹ́ni ò kà, kíka ìtọ́kasí nìkan náà ò tó, torí pépà kan ṣoṣo lè gbé gbogbo ẹ̀. Ó wá pa méjèèjì pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ to gbogbo pépà ẹni náà sílẹ̀, èyí tí wọ́n tọ́ka sí jù lókè, kẹ́ ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀. Ká ní dókítà kan ní 7, iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka sí wọn sì jẹ́ 48, 20, 9, 6, 5, 3 àti 1. Ẹ wá máa kà á: àkọ́kọ́ ní 48, ó ju 1 lọ, ó wọlé. Èkejì ní 20, ó wọlé. Ẹ̀kẹta 9, ó wọlé. Ẹ̀kẹrin 6, ó wọlé. Ẹ̀karùn-ún ní 5, ó ṣe rẹ́gí. Ẹ̀kẹfà, ó yẹ kó ní 6, 3 ló gbé wá. Ibẹ̀ la ti máa dúró, h-index dókítà yẹn 5 ni. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ó ní pépà 5 tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìgbà 5 ó kéré tán. Tó bá fẹ́ kó di 6, ẹ̀karùn-ún nílò ẹyọ 1 sí i, ẹ̀kẹfà nílò 3, ìgbà 4 péré. Ṣùgbọ́n ẹ wo 48 tó wà lókè yẹn, kó di 4,800 lọ́la, h-index ò ní mira. 34 ti ọ̀gá àbúrò mi, pépà 34 tí wọ́n tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìgbà 34 ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá rò pé àṣejù ni mo ṣe pẹ̀lú 4,800 yẹn, kó lọ wo Oliver Lowry. Ní 1951 òun àti àwọn mẹ́ta míì ní St. Louis ní Amẹ́ríkà kọ pépà kan lórí bí wọ́n ṣe ń wọn iye purotéènì tó wà nínú nǹkan. Kò wo àrùn kankan sàn, ó kàn dà bí ẹni tó ṣe kóńgò tí gbogbo ọjà wá ń lò, gbogbo ẹni tó bá sì lo kóńgò náà gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ṣe é. Wọ́n ti tọ́ka sí i ju ìgbà 300,000 lọ, kò sí pépà tí wọ́n tíì tọ́ka sí tó o láyé. Lowry fúnra ẹ̀ sọ pé òun mọ̀ pé kì í ṣe pépà ńlá. Nínú h-index, ení péré ni gbogbo 300,000 yẹn fi kún tiẹ̀.

Nǹkan míì tí kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ni pé ìbà yàtọ̀ sí èébú. Ní 1998 Andrew Wakefield àti àwọn mìíràn gbé pépà jáde nínú Lancet, jọ́nà ìṣègùn kan ní Britain, lórí ọmọ 12, wọ́n fẹ́ fi so abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR (ti èèyi àti àwọn àrùn ọmọdé méjì míì) mọ́ autism, ìṣòro tí kì í jẹ́ kó rọrùn fún ọmọ láti bá èèyàn sọ̀rọ̀. Lancet fúnra ẹ̀ yọ pépà náà kúrò ní 2010, ọdún yẹn náà ni wọ́n yọ orúkọ Wakefield kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ní Britain. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tọ́ka sí i, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dárúkọ ẹ̀ ń dárúkọ ẹ̀ láti sọ pé irọ́ ni. Kọ̀ǹpútà á ṣáà kà á ni. Ení, èjì, ẹ̀ta.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Nínú pépà ìṣègùn, ibi tí orúkọ èèyàn bọ́ sí ní ìtumọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ló sábà máa ń jẹ́ ẹni tó fojú ara ẹ̀ rí màbo, tó sùn sí láàbù, tí iná lọ mọ́ ọn lórí ẹ̀rọ. Ẹni ìkẹyìn ni ọ̀gá tó ni láàbù, tó wá owó. Àwọn tó wà láàárín, oríṣiríṣi ni wọ́n, ẹlòmíì ṣe ìdajì iṣẹ́, ẹlòmíì kàn yá wọn ní firíìjì. Ṣùgbọ́n tí ìtọ́kasí bá dé, iye kan náà ló ń kan gbogbo wọn. Ní 2021 àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ kárí ayé gbé pépà kan jáde lórí abẹ́rẹ́ kòrónà, ẹni tó lé ní 15,000 lorúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àṣìkọ mi o, 15,000!

Ẹ jẹ́ ká fi ti ilé wò ó. Ní 1992 ni Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Ìbàdàn jọ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí àrùn ìgbàgbé àwọn àgbàlagbà, Hugh Hendrie lọ́hùn-ún, Ògúnníyì, Báíyéwù àti àwọn míì nílé níbí. Wọ́n gbé èsì jáde nínú JAMA, jọ́nà ìṣègùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ní 2001. Àgbàlagbà 2,459 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń wo àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà 2,147 ní Indianapolis, gbogbo wọn ti pé ọdún 65. Nínú 100 àgbà ní Ìbàdàn, àrùn náà ń mú bí 1.35 lọ́dún, nínú 100 ní Indianapolis ó ń mú 3.24. Pépà yẹn, wọ́n ti tọ́ka sí i gan-an, ó wà nínú h-index àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìlú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò, ta ló ń rìn láti ilé dé ilé ní Ìdíkàn, tó ń kí ìyá àgbà fún wákàtí kan kó tó lè bi í pé ọjọ́ wo la wà yìí, oṣù wo la wà, tí ìyá á sì dáhùn pé "ìwọ ò mọ̀ ọ́n ni?" Irú iṣẹ́ yẹn ò ní h-index.

Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì tún fẹ́ bí mi nínú díẹ̀, ni YRI. Ẹni tó bá ń ka pépà nípa jíìnì èèyàn á máa rí lẹ́tà mẹ́ta yẹn níbi gbogbo: Yorùbá tó wà ní Ìbàdàn ni. Nínú iṣẹ́ HapMap, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tí wọ́n fi wo bí jíìnì èèyàn ṣe yàtọ̀ síra, tí wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2005 (ọdún tí Hirsch dá h-index sílẹ̀ gan-an), ẹ̀jẹ̀ ẹni 270 ni wọ́n gbà jọ, 90 nínú wọn sì jẹ́ ìyá, bàbá àti ọmọ láti Ìbàdàn. Láàbù kárí ayé ló ń lo ẹ̀jẹ̀ yẹn títí dòní. Wọn ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, àṣírí ara ẹni ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ bá lè ní h-index ni, ṣebí àwọn 90 yẹn ni ọ̀gá gbogbo wa.

Tu Youyou náà ńkọ́? Ìyá yẹn ló fa artemisinin, oògùn ibà, yọ nínú ewé ní China, ara ẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ohun tó wà nínú Coartem àti Lonart tí ẹ ń rà ní kẹ́míìsì. Ó gba Nobel ní 2015, kò ní PhD, pépà tí wọ́n fi kọ́kọ́ kéde oògùn náà ní 1977, orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n kọ sí i. Ká ní h-index ni wọ́n fi ń gbani síṣẹ́ nígbà yẹn, wọn ò bá má pè é wá fún intáfíù. Hirsch alára kọ ọ́ ní 2020 pé nǹkan tí òun dá sílẹ̀ lè kùnà gan-an, kó sì fa aburú tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀gá àbúrò mi. Mo sọ fún un pé kó má wo 34 yẹn lásán, h-index kì í wálẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, torí náà àgbà tó ti ń kọ̀wé fún ọgbọ̀n ọdún àti ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ lánàá ò ṣeé fi wéra, Google Scholar máa ń ka thesis àti ohun gbogbo tó bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Scopus, ilé iṣẹ́ míì tó ń ka ìtọ́kasí, kì í kà tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ jọ́nà tí wọ́n ń tẹ̀ níbí sì wà tí Scopus ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Mo ní kó tẹ orí àwọn pépà náà kó máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kà á lọ, ó kà á bọ̀, ló bá pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá mi kọ̀wé lórí ẹja ní 1979?"

Èmi náà ṣí i. Òótọ́ ni. Ẹja àrọ̀, adágún omi, 1979, ọ̀gá ṣì wà ní pírámárì nígbà yẹn. Pépà ẹja bíi méje ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti tọ́ka sí wọn dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò jìnnà: jọ́nà máa ń gé orúkọ wa kù sí lẹ́tà kan, Adéyẹmí A., kọ̀ǹpútà ò sì mọ̀ bóyá Abíọ́dún ni tàbí Àjọkẹ́ tàbí Anthony, gbogbo wọn ló ń kó sápò ẹnì kan. Àwọn obìnrin ni tiwọn tún burú jù, ẹni tó kọ pépà mẹ́rin kó tó ṣègbéyàwó, tó wá yí orúkọ padà, ó di èèyàn méjì lójú kọ̀ǹpútà. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ORCID jáde ní 2012, nọ́ńbà gígùn kan tó ní ẹyọ 16, tó jẹ́ tìẹ nìkan, ọ̀fẹ́ ni, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Mo ní kí àbúrò mi sọ fún ọ̀gá kó wọlé síbẹ̀ kó yọ ẹja kúrò, torí ẹni tó ni ojú ewé nìkan ló lè yọ ọ́. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní òun ò sí ńbẹ̀ o, thesis òun ṣì wà lórí tábìlì ọ̀gá, kò tíì sáìn ín.