Bọ́ọ̀dù Kòkó: Bí Àjọ Àgbẹ̀ Ṣe Di Àpò Ìjọba

Láyé bọ́ọ̀dù, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní Nàìjíríà, àgbẹ̀ tó bá sá kòkó rẹ̀ gbẹ ní Ìdànrè ò lè dúnàádúrà. Iye tí wọn yóò san ti wà nílẹ̀ kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀. Àgèǹtì tó gbàwé àṣẹ ló ń wọ̀n ọ́n, sípẹ́kítọ̀ á la hóró wò, á sọ gíréèdì rẹ̀, àpò á wá gba èbúté lọ. Bọ́ọ̀dù nìkan ló láṣẹ láti tà á sókè òkun.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló dá bọ́ọ̀dù náà sílẹ̀ ní 1947. Ní 1954, ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gba tirẹ̀. Ète rẹ̀ ò burú. Iye kòkó ní Lọ́ńdọ̀nù kì í dúró sójú kan. Lọ́dún tó bá wọ́n, bọ́ọ̀dù á tọ́jú díẹ̀ nínú owó rẹ̀. Lọ́dún tó bá já, á mú nínú ìpamọ́ yẹn fi ti àgbẹ̀ lẹ́yìn. Àjọ ni, àmọ́ àjọ tí wọn ò bi alájọ bóyá ó fẹ́ dá a, tí kò sì mọ ọjọ́ tí yóò kó o.

Ibẹ̀ ni Peter Bauer, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, dúró sí. Budapest ni wọ́n bí i sí, Thatcher, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ló sì padà sọ ọ́ di Lord. Ní 1954 ló gbé ìwé jáde lórí òwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò sọ pé olè ni àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀dù. Ohun tó rí ni pé bí àwọn tó ń ra kòkó bá pọ̀ lọ́jà, èyí tó bá yan àgbẹ̀ jẹ yóò pàdánù kòkó sọ́wọ́ ẹlòmíì. Bó bá ku ẹyọ kan ṣoṣo, kí ni yóò dá a lọ́wọ́ kọ́? Owó tó sì wà nípamọ́ súnmọ́ ìjọba ju àgbẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Owó ìpamọ́ di ẹ̀yáwó àti ẹ̀bùn fún ìjọba ẹkùn, owó orí ọjà tó ń lọ sókè òkun tún gun un lórí. Ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker tó jókòó ní 1962 tọpa owó bọ́ọ̀dù dé ilé-iṣẹ́ tí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú dá sílẹ̀. Òótọ́ ni pé owó kòkó wà lára ohun tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 ró, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ ló sì tibẹ̀ mọ̀wé. Ẹni tó bá fo ìyẹn ò ṣòótọ́. Àmọ́ ohun tí ò hàn sójú náà wà: igi kòkó tí wọn ò gbìn. Ọdún bíi mẹ́rin sí márùn-ún ni kòkó fi ń so, ta ni yóò ro oko tuntun nígbà tí iye ọjà ò tó nǹkan? Inú ìbínú owó orí àti iye kòkó yìí ni Àgbẹ́kọ̀yà, ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀, ti jáde ní 1968.

Ní Gánà, níbi tí bọ́ọ̀dù ṣì wà dòní, kòkó ń gba ẹ̀yìn lọ sí Tógò àti Kòtìfúà nígbàkígbà tí iye ọ̀hún bá dára ju ti ilé lọ.

Nàìjíríà tú tirẹ̀ ká ní 1986. Owó tó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ gbéra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé náírà tó já lọ́dún kan náà wà lára ìdí rẹ̀. Àyẹ̀wò sípẹ́kítọ̀ náà ò múná mọ́: àwọn oníṣòwò kòkó tuntun ń kó kòkó tí ò gbẹ dáadáa wọ ọkọ̀, àwọn tó ń rà á ní Yúróòpù sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúrò lára owó rẹ̀.