Títi apá kan òkun pa kọ́ ló ń sọ ẹja di ọ̀wọ́n

Èkìtì kò ní òkun, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí ẹja òkun kì í wọ Èkìtì. Kátọ́ọ̀nù Titus, kòtẹ̀, ṣáwá àti pańla ń ti Èkó gòkè wá sí àwọn ilé ẹja tútù ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́ àti ní Ìkọ̀lé, ibẹ̀ sì ni àwọn ìyá ẹlẹ́ja ti ń rà á lọ sí ọjà. Nítorí náà, bí rédíò bá sọ pé àwọn ìjọba etí òkun fẹ́ ti apá kan òkun pa kí ẹnikẹ́ni má pẹja níbẹ̀ mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé: "Wọ́n tún fẹ́ sọ ẹja di ọ̀wọ́n mọ́ wa lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Bí ibi tí apẹja lè ju àwọ̀n sí bá dín kù, ẹja tó máa kó náà yẹ kó dín kù. Àmọ́ èrò méjì wà lábẹ́ rẹ̀ tí a kì í sọ jáde: pé ẹja òkun kì í tán, àti pé ẹja tó bá wà níbi tí wọ́n tì pa ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn. Méjèèjì ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo okporoko, ẹja gbígbẹ líle tí wọ́n ń kó wá láti Norway. Cod ni orúkọ ẹja tí wọ́n fi ń ṣe é. Ní etí òkun Newfoundland ní ilẹ̀ Kánádà, nǹkan bí ọdún 500 ni wọ́n fi ń kó cod, wọ́n sì gbà pé kò lè tán láé. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkọ̀ ńlá dé, àwọn tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ omi, tí wọ́n sì ní yàrá yìnyín nínú, tí wọn kò fi ní láti padà sétí omi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1992, ìjọba Kánádà dá iṣẹ́ náà dúró nítorí pé cod ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọdún méjì péré ni wọ́n kọ́kọ́ dá, ṣùgbọ́n ọdún 2024 ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò. Àgbẹ̀ oníṣu ní Ẹ̀fọ̀n tàbí ní Ìjerò kò nílò àlàyé gígùn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: wọ́n se ẹbu jẹ ni.

Ibi tí a tì pa nínú òkun ni ẹbu. Ẹja tó bá rí àyè dàgbà níbẹ̀ kò wulẹ̀ tóbi lásán. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 fi hàn pé cod kan ṣoṣo tó wọn kílò 30 ń yé ẹyin ju cod 28 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn kílò 2 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: kílò 56 ẹja kéékèèké kò tó kílò 30 ìyá ńlá kan. Àwọn ìyá ńlá yìí gan-an ni àwọ̀n kọ́kọ́ ń kó. Níbi tí àwọ̀n kò bá dé, wọ́n á máa yé ẹyin lọ́dọọdún, omi á gbé ẹyin náà jáde, àwọn ọmọ tí àyè bá há mọ́ á rìn kọjá ààlà bọ́ sí ibi tí apẹja ń dúró dè wọ́n. Àwọn ọdẹ wa mọ èyí láti ilẹ̀: ẹran tó bá dàgbà nínú igbó àìwọ̀ ló ń jáde wá sí ẹ̀bá oko. Títí di òní, wọn kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo.

Ní Cabo Pulmo ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, àwọn apẹja fúnra wọn ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ti omi wọn pa, ìjọba sì ṣe é ní 1995. Láàárín 1999 sí 2009, ìwọ̀n ẹja inú ibẹ̀ lọ sókè ju ìdá 460 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. A kò sọ pé gbogbo ibi ló ń rí báyìí o. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ibi ààbò 87 káàkiri ayé, tó jáde ní 2014, dárúkọ nǹkan márùn-ún tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́: kí wọ́n má pẹja níbẹ̀ rárá, kí ìṣọ́ wà lóòótọ́, kó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, kó tóbi ju kìlómítà 100 níbùú lóròó lọ, kí omi jíjìn tàbí iyanrìn sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ibòmíràn. Èyí tí kò bá ní ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ nínú márùn-ún yìí, kò yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ń pẹja. Orí ìwé nìkan ni irú ààbò bẹ́ẹ̀ wà, òun ló sì ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn sọ pé ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀.

Ti ọ̀wọ́n ńkọ́? Ká sòótọ́, ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹja tí àwọn apẹja tó wà nítòsí ibẹ̀ ń kó lè dín kù, ó sì yẹ kí ìjọba bá wọn gbé e. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń pinnu iye tí wọ́n ń ta Titus ní Adó. Iye ẹja tí ìjọba àpapọ̀ ń sọ pé Nàìjíríà nílò lọ́dún lé ní tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù mẹ́ta, èyí tí a ń rí nílé kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹja òkèèrè ló ń dí àlàfo náà, owó dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn tó fara mọ́ ààbò òkun pàápàá ń ṣe, òun ló sì wuwo jù lójú tiwa. Wọ́n rò pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè ti tirẹ̀ pa kó sì ti tó. Gbogbo etí òkun Tógò jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 56, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ lọ. Ti Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 121. Tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 853. Omi kan náà ló ń ṣàn níwájú gbogbo wọn, láti ìhà Côte d'Ivoire bọ̀ wá sí ìlà-oòrùn. Ẹyin ọ̀pọ̀ ẹja òkun ń léfòó, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò sì lágbára láti wẹ̀ lòdì sí ìṣàn. Ibi tí omi bá gbé e lọ ló ń bá a lọ. Nítorí náà, ẹja tí apẹja kó ní Badagry lè jẹ́ ọmọ ìyá tó yé e ní omi ẹlòmíràn. Bí a bá ti tiwa pa, tí wọ́n sì ń kó ìyá lọ́hùn-ún, òfìfo la ń ṣọ́.

Titus fúnra rẹ̀ ti fi èyí hàn. Láti òkun àríwá Yúróòpù ni púpọ̀ nínú èyí tí à ń jẹ ti ń wá. Nígbà tí ẹja náà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn dé omi Iceland, àwọn orílẹ̀-èdè tó yí òkun náà ká kò lè fẹnu kò lórí iye tí oníkálukú máa kó. Kálukú dá tirẹ̀ kà, àpapọ̀ rẹ̀ sì ń ju ohun tí àwọn onímọ̀ ní kí wọ́n kó lọ lọ́dọọdún. Ní 2019, wọ́n gba òǹtẹ̀ tó fi hàn pé wọ́n ń kó o níwọ̀nba kúrò lára ẹja náà. Ní 2025, àwọn onímọ̀ ní kí wọ́n dín èyí tí wọ́n máa kó ní 2026 kù ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Orílẹ̀-èdè olówó ni wọ́n, wọ́n ní ọkọ̀ ìṣọ́, wọ́n ní onímọ̀. Àdéhùn tó kó gbogbo wọn pọ̀ ni wọn kò ní. Ìyá ẹlẹ́ja tó ń bínú sí iye kátọ́ọ̀nù lónìí ń sanwó àìfẹnukò àwọn tí kò mọ̀ rí.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣe é kó dára? Àwọn apẹja ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi, nítorí wọ́n mọ oṣù tí ẹja ń kún fún ẹyin àti ibi tó ń kó jọ sí. Àwọn onímọ̀ á wá fi àwọ̀n tí ihò rẹ̀ kéré gan-an wọ́ ojú omi láti ka ẹyin tó léfòó, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa ààlà. Ìlà tó tọ́ gbọnrangandan ló dára, nítorí apẹja tó ní fóònù lọ́wọ́ lè mọ̀ bóyá ó ti wọlé. Ààlà tó bá ń tẹ̀ lé ìjìnlẹ̀ omi lọ́tùn-ún lósì ń da ẹni tó fẹ́ pa òfin mọ́ pàápàá láàmú. Kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àìwọ̀. Ní Banc d'Arguin ní Mauritania, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, àwọn Imraguen tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ṣì ń pẹja, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìgbòkun tí kò ní ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò. Ẹni tó bá sọ pé olówó nìkan ni ààbò òkun wà fún, kó wo ibẹ̀.

Ibi tó ti sábà ń bàjẹ́ ni ẹnu ààlà. Òfin òkun àgbáyé ti 1982, ní abala 111, gba ọkọ̀ ìṣọ́ láàyè láti lé ọkọ̀ tó jalè nínú omi orílẹ̀-èdè rẹ̀ jáde sí agbami. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ olè náà bá ti wọ omi orílẹ̀-èdè mìíràn, ìyẹn máìlì 12 orí òkun sí etí ilẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 22, ọkọ̀ ìṣọ́ gbọ́dọ̀ dúró. Tírọ́là, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n, tó bá kó ẹja ní Badagry lóru kò ní ju kó sá kọjá Sẹmẹ lọ. Àdéhùn tó jẹ́ kí ìṣọ́ Bẹ̀nẹ̀ gbà á níbi tí tiwa ti dúró nìkan ló lè dí ihò yẹn, pẹ̀lú orúkọ ọkọ̀ tí wọ́n á máa fi ránṣẹ́ síra wọn, kí èbúté tó fẹ́ já ẹja náà sí lè lé e padà. Àjọ tó wà fún irú iṣẹ́ yìí ni FCWC, tí Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà, Côte d'Ivoire àti Liberia dá sílẹ̀ ní 2007. Tema ní Gánà ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Àwọn orílẹ̀-èdè kan tún ń dá ẹja pípa dúró fún ìgbà díẹ̀ lọ́dọọdún; oṣù tí wọ́n ń tì yìí náà gbọ́dọ̀ bá ara mu. Bí Gánà bá tì ní oṣù Keje tí aládùúgbò rẹ̀ kò tì, àwọn ọkọ̀ á kàn ṣí lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò ni. Côte d'Ivoire ti ń tì ní oṣù kan náà láti 2023, ọ̀nà tó tọ́ sì nìyẹn.

Àwọn kan á sì tún ní kí ló wá kan Èkìtì. Odò Ọ̀ṣun ṣẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì, ó gba Òṣogbo kọjá, ó sì ṣàn lọ sí ọ̀sà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun. Inú irú ọ̀sà bẹ́ẹ̀ ni ọmọ edé àti ọmọ àgbọ̀dọ̀ ti ń gba ìgbà èwe wọn kí wọ́n tó jáde sí òkun. Àwọn tó bá ń ṣan ẹ̀rọ ìfínko wọn sínú odò lẹ́yìn iṣẹ́, àti àwọn tó ń da Gamalin, oògùn apakòkòrò, sómi láti pẹja, àwọn ọmọ wọ̀nyí ni wọ́n ń bá jà. Omi tí a bá fẹ́ fi ṣan ẹ̀rọ yẹn, orí oko tí a fín gan-an ló yẹ ká tún fín in sí, ẹ̀ẹ̀mẹta.