1,000,000 (àádọ́ta ọ̀kẹ́)

1,000,000, àádọ́ta ọ̀kẹ́ tàbí mílíọ̀nù kan, ni nọ́ńbà odidi tó wà láàárín 999,999 àti 1,000,001. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ni.

Inú owó ẹyọ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá (2,000), ẹgbàá mẹ́wàá ló sì ń kún ọ̀kẹ́, ìyẹn àpò kan (20,000). Irú àpò bẹ́ẹ̀ àádọ́ta ló pé 1,000,000. Àyọkúrò náà wà nínú orúkọ yìí, nítorí pé ọgọ́ta dín mẹ́wàá ni àádọ́ta. Ìdajì rẹ̀ ni ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì ni ọgọ́rùn-ún ọ̀kẹ́. Mílíọ̀nù ló yá lẹ́nu àwọn ènìyàn jù lónìí. "Ọ̀kẹ́ àìmọye" ní tirẹ̀ kì í ṣe iye kan pàtó. Ohun tó pọ̀ kọjá kíkà ni wọ́n ń fi sọ.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni èyí tó ju 1 lọ, tí kò sí nọ́ńbà odidi tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Méjì péré nínú irú wọn ló para pọ̀ di 1,000,000: 2 lẹ́ẹ̀mẹfà àti 5 lẹ́ẹ̀mẹfà. Bí a bá sọ àwọn 2 di púpọ̀, wọ́n á di 64. Àwọn 5 á di 15,625. Ẹ wò ó: 64 × 15,625 = 1,000,000, síbẹ̀ kò sí òdo nínú ọ̀kankan nínú wọn. Kò sí nọ́ńbà odidi méjì mìíràn tí kò ní òdo tó lè bí i.

Nọ́ńbà mọ́kàndínláàádọ́ta (49) ló lè pín in láìṣẹ́kù. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọ̀kan jọ lè mú 2 láti orí àìmú rárá títí dé ẹ̀ẹ̀mẹfà, ọ̀nà méje nìyẹn; bákan náà ni fún 5; méje lọ́nà méje sì ni 49. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn, bíi 4 àti 250,000, àfi 1,000 tó jẹ́ ẹnì kejì ara rẹ̀. Bí a bá ro wọ́n pọ̀ láìka 1,000,000 fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, 1,480,437 ni, ó ju òun gan-an lọ.

1,000² ni, 100³ sì ni pẹ̀lú. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti fi àròpọ̀ ìlọ́po ara ẹni nọ́ńbà odidi méjì tí kì í ṣe òdo kọ ọ́: 600² + 800², 280² + 960², àti 352² + 936².

Iye nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 78,498. 999,983 ni ìkẹyìn wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, 1,000,003 ló kàn.

Ní ìṣẹ́jú àáyá, 1,000,000 jẹ́ ọjọ́ 11, wákàtí 13, ìṣẹ́jú 46 àti ìṣẹ́jú àáyá 40.