Blazon: bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ya àmì ọ̀pá àṣẹ

Bí wọ́n bá ní ká fẹnu sọ bí àmì ọ̀pá àṣẹ Nàìjíríà ṣe rí, ẹṣin méjèèjì ni ọ̀pọ̀ wa máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọ̀ asà ló máa kọ́kọ́ sọ: dúdú. Lẹ́yìn náà ló máa kan ohun tó wà lójú asà: ilà funfun tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ bí ìgbì omi, tó sì pàdé láàárín bíi lẹ́tà Y. Odò Ọya àti Bẹ́núé nìyẹn, níbi tí wọ́n ti pàdé ní Lọ́kọ́ja. Ìgbà tó bá sọ̀rọ̀ asà tán ló tó kan idì pupa tó wà lókè, ẹṣin funfun méjì tó di asà mú, òdòdó tó wà nísàlẹ̀ àti àkọlé rẹ̀.

Ìṣàpèjúwe tó ń lọ létòlétò báyìí ni wọ́n ń pè ní blazon. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni àmì náà. Àwòrán kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ayàwòrán kan lè na ìyẹ́ idì gbòòrò, òmíràn lè ká a mọ́ra díẹ̀, àmì kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń pariwo pé ayédèrú ni àwòrán kan, kìkì nítorí pé ìrù ẹṣin rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ojú wọn ti mọ́.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: ọ̀tún asà ni ọ̀tún ẹni tó gbé e dání. Ohun tó wà lápá òsì ẹni tó ń wò ó, ọ̀tún ni wọ́n máa kọ.

Àwọ̀ náà ní òfin. Irin ni wọ́n ka wúrà àti fàdákà sí, ìyẹn yẹ́lò àti funfun. Pupa, búlúù, dúdú, àwọ̀ ewé àti elésè-àlùkò ni wọ́n ń pè ní àwọ̀. Irin kì í sábà gun irin, àwọ̀ kì í sábà gun àwọ̀, kí ojú lè tètè dá àmì mọ̀ láti òkèèrè. Funfun lórí dúdú tiwa bá òfin mu.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni àmì kan ti di ẹjọ́ rí. Ní 1385, nígbà tí Richard Kejì, ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ogun lọ sí Scotland, Richard Scrope, ọ̀kan lára àwọn jagunjagun rẹ̀, rí i pé asà kan náà ni òun àti jagunjagun mìíràn, Robert Grosvenor, gbé: búlúù, pẹ̀lú ọ̀já wúrà tó ti igun òkè lọ́tùn-ún sọ̀kalẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀ lósì. Akéwì Geoffrey Chaucer wà lára àwọn tó jẹ́rìí. Ó ní òun rí àmì náà níta ilé kan ní Friday Street ní Lọ́ńdọ̀nù, òun rò pé ti Scrope ni, àfi ìgbà tí wọ́n sọ fún òun pé ti Grosvenor ni. Òun kò gbọ́ orúkọ yẹn rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ní 1390 ni ọba dá Scrope láre. Grosvenor fi búlúù sílẹ̀ bó ṣe wà, ó yọ ọ̀já kúrò, ó fi ìtì àlìkámà oníwúrà rọ́pò rẹ̀. Ìtì náà ṣì wà nínú àmì ìdílé wọn títí dòní.