Olórin ààyò láàárín àwọn ará Òṣogbo

Ní Òṣogbo, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, olórin ààyò ni olórin tàbí ẹgbẹ́ olórin tí ẹnì kan gbé lékè gbogbo àwọn yòókù, tí ó sì ṣe tán láti gbèjà níwájú ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń dá rò nínú yàrá. Ní ìdí ìwé ìròyìn, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ní gáréèjì, níbi ìnáwó àti lórí rédíò ni àgbà àti ọmọdé ti ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Orúkọ tó sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà ni Haruna Ìṣọ̀lá, Àyìnlá Ọmọwúrà, Ebenezer Obey, Sunny Adé, Orlando Òwòh, Síkírù Àyìndé Barrister àti Kollington Àyìnlá. Àwọn ọ̀dọ́ a máa dárúkọ Saheed Òṣùpá, Pasuma, Davido, Wizkid, Olamide àti Asake. Ohun tó mú ti Òṣogbo yàtọ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn olórin wọ̀nyí ni okùn kan so mọ́ ìlú náà: àwọn kan wà tí a bí síbẹ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rí iṣẹ́ orin, àwọn mìíràn sì kọrin tí orúkọ ìlú náà wà nínú rẹ̀ títí dòní.

Àwọn tí ìlú náà pè ní tirẹ̀

Ojú irin tó dé Òṣogbo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún sọ ìlú náà di ibi tí oníṣòwò, akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ láti ibi gbogbo nílẹ̀ Yorùbá ń wọ́ sí. Ìdí nìyí tí kì í fi í yani lẹ́nu pé méjì nínú àwọn olórin tí a bí níbẹ̀ jẹ́ ọmọ àlejò.

Sunny Adé, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Sunday Adéníyì Adégẹyè, ni a bí ní Òṣogbo ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1946. Ìdílé ọba ní Oǹdó ni ó ti wá. Bàbá rẹ̀ ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ oníṣòwò. Ó kọ́kọ́ wà nínú ẹgbẹ́ olórin Moses Ọláìyá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí gbogbo ayé padà wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá, kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Àwo Juju Music tí iléeṣẹ́ Island gbé jáde ní 1982 ló gbé e dé etí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983, òun ló sì jẹ́ kí wọ́n ka Sunny mọ́ àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ Grammy. Ará Òṣogbo tó bá wà lẹ́yìn Sunny, ibi tí a bí i sí ni yóò kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó wà lẹ́yìn Obey yóò fèsì pé orin la ń sọ, a kò sọ ìwé ìbí. Láti nǹkan bí 1970 ni àríyànjiyàn Obey àti Sunny ti ń lọ láàárín àwọn ọlọ́jọ́-orí: wọ́n ní ti Obey ni ìmọ̀ràn àti ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀, ti Sunny ni gìtá àti ijó. Ìpín yìí kò fi bẹ́ẹ̀ tọ́, nítorí Sunny náà mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ijó sì wà nínú mílíkì, bí Obey ṣe ń pe orin jùjú tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń lò.

A bí Orlando Òwòh ní Òṣogbo bákan náà, ní 1932. Ará Ìfọ́n ni bàbá rẹ̀, ará Ọ̀wọ̀ ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe títí di 1958, ìgbà tí ẹgbẹ́ eré Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbà á pé kó wá máa lùlù kó sì máa kọrin. Lẹ́yìn náà ló dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí ohùn rẹ̀ tó há, tó sì nípọn sọ ọ́ di ẹni tí a kò lè ṣì mọ̀. Ó kú ní 2008. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ tó ti Sunny, àmọ́ wọn kì í yẹsẹ̀: ẹni tó bá ti gbé Òwòh lékè kì í fi ẹlòmíràn pààrọ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí a ka Dúró Ládípọ̀ mọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣèré ni ọ̀pọ̀ ìwé pè é. Ọmọ Òṣogbo ni. Ní 1962 ló sọ ilé rẹ̀ di Mbárí Mbáyọ̀, níbi tí àwọn ayàwòrán, oníjó àti onílù ti ń pàdé. Eré rẹ̀ Ọba Kò So, tí a gbé lọ sí Bẹ̀líìnì ní 1964, jẹ́ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàtá, dùndún àti oríkì ló gbé e ró. Láàárín àwọn tó bá a láyé kí ó tó kú ní 1978, àwọn kan wà tí wọn kò ní dárúkọ olórin jùjú kankan bí a bá bi wọ́n ní ààyò wọn. Dúró ni wọn yóò pè. Inú Mbárí Mbáyọ̀ yìí náà ni Twins Seven-Seven ti jáde, ẹni tí ayé mọ̀ sí ayàwòrán ṣùgbọ́n tó jẹ́ oníjó àti olórin pẹ̀lú.

Haruna Ìṣọ̀lá àti ẹgbẹ́ Òròkí

Kò sí àwo orin tó so mọ́ Òṣogbo tó Oroki Social Club, tí Haruna Ìṣọ̀lá àti ẹgbẹ́ àpàlà rẹ̀ ṣe fún iléeṣẹ́ Decca ní 1971. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Haruna, kì í ṣe ará Òṣogbo rárá. Òròkí ni oríkì ìlú Òṣogbo, ẹgbẹ́ aláfẹ́ kan ní ìlú náà ló sì ń jẹ́ orúkọ yẹn. Haruna a máa wá ṣeré fún wọn, eré náà a sì máa gba wákàtí 4 títí dé 10 láàárín èrò tó kún fọ́fọ́. Iye tí àwọn tó kọ̀wé nípa àwo náà máa ń sọ ni pé ó tà ju mílíọ̀nù 5 lọ.

Bí orin yẹn ṣe di ààyò ìlú kò ṣòro láti rí. Àpàlà Haruna kò ní gìtá. Agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àkúbà, agogo àti ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń lò, olórin yóò sì jókòó, yóò máa fi sùúrù to ọ̀rọ̀ bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ náà ni yóò ti dárúkọ alága ẹgbẹ́, akọ̀wé rẹ̀, ìyàwó wọn, bàbá tó bí wọn, ilé tí wọ́n ti jáde. Ẹni tí a bá kì bẹ́ẹ̀ yóò ra àwo náà, yóò rà fún ẹbí, yóò sì máa gbé e sórí gírámafóònù nígbàkígbà tí àlejò bá dé. Ọmọ rẹ̀ yóò dàgbà sínú orin náà. Láti ibẹ̀, ìfẹ́ olórin kò dá lórí adùn ohùn nìkan mọ́. Ó ti di ohun ìní ìdílé. Lójú ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń yan olórin ààyò ní ìlú yìí, kókó ọ̀rọ̀ náà nìyí, ó sì ṣe pàtàkì ju gbogbo àríyànjiyàn orí rédíò lọ.

Haruna kú ní 1983. Àyìnlá Ọmọwúrà, Anígilájé, ọmọ Abẹ́òkúta tó jẹ́ akẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àpàlà, ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 1980. Orin Ọmọwúrà le, ó yá, ó sì ń ta bí ata, ìdí nìyí tí àwọn awakọ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi sún mọ́ ọn ju Haruna lọ.

Etí tí ìlù kọ́

Ẹrin-Ọ̀ṣun, tí kò jìnnà sí Òṣogbo, jẹ́ ilé àwọn ọmọ Àyàn. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá onílù bíi Làmídì Àyánkúnlé àti Rábíù Àyándòkun ti gbé dùndún àti bàtá lọ sí òkè òkun. Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, bẹ̀ǹbẹ́ tó jẹ́ ìlù òrìṣà náà a máa dún láti ààfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, lọ sí igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ẹni tó bá dàgbà sí àárín irú ìró bẹ́ẹ̀ mọ ìgbà tí ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó kàn ń pariwo. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọlọ́jọ́-orí ìlú náà bá ń dá olórin lẹ́jọ́, onílù rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n á béèrè bóyá ìyáàlù ń dáhùn ohun tí olórin sọ, bóyá gúdúgúdú kò ṣáájú, bóyá olórin mọ oríkì dáadáa tàbí ó ń fi ti ìdílé kan ki ìdílé mìíràn. Àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré níbi ìnáwó.

Barrister tàbí Kollington

Láti inú wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí Mùsùlùmí fún sààrì lóṣù Ramadan ni fújì ti jáde, Òṣogbo tí Mùsùlùmí pọ̀ sí kò sì ní láti kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Barrister ló sọ orin náà ní fújì. Òun àti Kollington jọ ṣe iṣẹ́ ológun rí, wọ́n sì di abánidíje tí ń fi àwo orin fèsì fún ara wọn. Ìjà náà wọ inú ilé. Bàbá lè wà lẹ́yìn Barrister kí àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn Kollington, kí àwọn méjèèjì má sì gbà kí rédíò kan ṣoṣo tó wà nílé wà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Barrister kú ní 2010, síbẹ̀ àríyànjiyàn náà kò kú. Ó kàn bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó gbé Òṣùpá lékè nítorí ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ àti àwọn tó gbé Pasuma lékè nítorí ìgboro àti ijó. Àwọn obìnrin púpọ̀ kò dá sí i. Sàláwà Àbẹ̀ní, tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí fi jẹ Ọbabìnrin Wákà ní 1992, ni tiwọn.

Níbi fújì, owó ni olólùfẹ́ fi ń fi ara rẹ̀ hàn, yóò máa ná an lé olórin lórí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀. Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2007 ka fífọ́n náírà àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè múni san owó ìtanràn tàbí kó múni wẹ̀wọ̀n, àwọn kan sì ti ń fi owó náà sínú àpò ìwé fún olórin dípò kí wọ́n ná an lé e lórí.

Kásẹ́ẹ̀tì, rédíò àti fóònù

Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, rédíò ìpínlẹ̀ náà, OSBC, di ibi tí ènìyàn lè ti béèrè orin kí ó sì fi kí ẹbí àti ọ̀rẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń rà lọ́jà nígbà náà. Mẹ́mọ́rì kádì rọ́pò rẹ̀, fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mẹ́mọ́rì kádì.

Láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, Davido àti Wizkid ló rọ́pò Barrister àti Kollington, tí àwọn 30BG, ìyẹn olólùfẹ́ Davido, ń bá Wizkid FC, àwọn olólùfẹ́ Wizkid, fa ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ Davido ní agbára kan tí kò ní níbòmíràn: ọmọ Adélékè ti Ẹdẹ ni, Ẹdẹ sì súnmọ́ Òṣogbo gan-an. Nígbà tí àbúrò bàbá rẹ̀, Adémọ́lá Adélékè, ń búra gẹ́gẹ́ bí gómìnà ní Òṣogbo ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Davido wà níbẹ̀. Àwọn àgbà kan tí wọn kò fẹ́ gbọ́ nípa Davido àti Wizkid a máa dúró díẹ̀ bí orin Asake, tó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, bá ń dún, nítorí wọ́n ń gbọ́ fújì nínú bí àwọn elégbè rẹ̀ ṣe ń gbe orin.